nRF24L01+ mi ò sọ̀rọ̀, àṣé iná ni, kì í ṣe kóòdù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bá nRF24L01+ (rédíò kékeré tó ń ránṣẹ́ láìlo wáyà) fà á lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi kẹ́ ẹ tó pa kóòdù yín rẹ́. Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń tún kóòdù kọ, mo pààrọ̀ wáyà, mo pààrọ̀ láíbìrì, rédíò méjèèjì wà lórí tábìlì kan náà, wọn ò jìnnà síra wọn rárá, síbẹ̀ ọ̀kan ń ránṣẹ́, èkejì ò gbọ́ nǹkan kan.

Ìgbà tó sú mi, mo ní kí microcontroller (kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí rédíò) kàn ka register STATUS nìkan, ìyẹn nọ́ńbà tí rédíò fi ń sọ ipò tó wà. Tí wáyà SPI (àwọn wáyà tí microcontroller fi ń bá rédíò sọ̀rọ̀) bá dáa, tẹ́ ẹ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé iná wọ rédíò náà, 0x0E ló máa dá padà. Tó bá jẹ́ 0x00 tàbí 0xFF lẹ̀ ń rí ṣáá, ẹ fi kóòdù sílẹ̀, wáyà ni kẹ́ ẹ lọ yẹ̀ wò. Tèmi dá 0x0E padà. Kí ló wá kù?

Iná ni o! 3.3V ló ń jẹ (kò gbọdọ̀ ju 3.6V lọ, 5V lè pa á, àmọ́ àwọn ẹsẹ̀ SPI ẹ̀ lè gba 5V ní tiwọn), tó bá sì fẹ́ ránṣẹ́, ṣe ló máa ń fa iná lójijì, tí wáyà bá tín-ín-rín tó tún gùn, iná á já wálẹ̀. Mo mú kápásítọ̀ electrolytic 10µF (ó máa ń tọ́jú iná díẹ̀ pa mọ́), mo fi lẹ́ẹ̀dì (solder) jó o mọ́ VCC (ẹsẹ̀ iná pọ́sítíìfù) àti GND (ẹsẹ̀ nẹ́gétíìfù) lára rédíò gan-an, ẹ̀gbẹ́ tí ìlà wà lára kápásítọ̀ yẹn ló lọ sí GND, mo ṣe tèkejì náà bẹ́ẹ̀. Mo tan án, ni 1, 2, 3, 4 tí rédíò kìíní ń fi ránṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú kọ̀ǹpútà. Inú mi dùn gan-an, mi ò tiẹ̀ fẹ́ fọwọ́ kan tábìlì yẹn mọ́!

Address, channel àti speed rédíò méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Channel 76 ni mo lò, ìyẹn 2476 MHz, ó kúrò lọ́nà Wi-Fi tó wà nítòsí mi. Ẹ má kọjá 83, torí 2483.5 MHz ni ibi tí àyè tí gbogbo èèyàn lè lò parí sí. 250kbps ni mo fi speed sí, òun ló ń lọ jìnnà jù. Báìtì 32 péré ni páákẹ́ẹ̀tì kan ń gbà, torí náà ọ̀rọ̀ tó bá gùn, ẹ gé e sí wẹ́wẹ́ kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́.