Kí "a dúpẹ́" má parí ọ̀rọ̀

Nígbà tí mo wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì ní Ògbómọ̀ṣọ́, oṣù kan gbáko ni mi ò fi rí oorun gidi sùn. Ìlú tí wọ́n ti ń jẹ òkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan ni mo wà, àmọ́ òkèlè mẹ́ta kì í kọjá lọ́nà ọ̀fun mi. Ẹni tó bá kí mi pé "Ṣé àlàáfíà ni?", "A dúpẹ́" ni mò ń dá a lóhùn. Kí ni ǹ bá tún sọ? Láàárín wa, ẹni tó bá ti ní ọkàn òun ò balẹ̀, wọ́n á ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí Aro l'Abẹ́òkúta.

Ẹnì kan tá a jọ ń gbàdúrà ni mo kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ lọ̀. Kò gbọ́ ọ dé ìdajì tó fi ní àìnígbàgbọ́ ló ń dà mí láàmú. Ó dùn mí wọra. Mo ṣì ń gbàdúrà títí dòní, àmọ́ ibà a máa ṣe aládùúrà. Ọkàn náà a máa rẹ̀ ẹ́.

Àbúrò tá a jọ ń gbé yàrá ní àdúgbò Under G ló gbà mí. Kò dárúkọ ọkàn rárá. Ó kàn ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ń gbọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń yíra mọ́jú. Láti ìgbà wo?" Ó wá dákẹ́, kò já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. Mo sunkún, mo sì tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ kejì, ó tẹ̀lé mi lọ rí dókítà. Oorun, oúnjẹ, ohun tí mo fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ ni dókítà bi mí. Ó ní tí irú ẹ̀ bá ti ń báni fínra lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, a ò gbọ́dọ̀ pè é ní ìrònú lásán mọ́. Àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú.

Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́nì kan bá ní "a dúpẹ́", ẹ béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ bi í pé kí ló jẹ láàárọ̀, ìgbà wo ló sùn. Ẹnu wa máa ń tètè ya lórí ìyẹn ju ọ̀rọ̀ ọkàn lọ. Tó bá sì ní ayé sú òun, ẹ bi í ní tààrà bóyá ó ń rò ó láti pa ara rẹ̀. Ìbéèrè yẹn kọ́ ló máa kó èrò náà sí i lórí. Ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ẹ mú un lọ sílé ìwòsàn.

Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tó rọ́pò ti ọdún 1958, èyí tó ń pe aláìsàn ní wèrè. Òfin ti jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ó ṣì wà lẹ́nu wa.

Nílé wa báyìí, tẹ́nì kan bá ní "a dúpẹ́", ẹnìkejì á ní, "A ti gbọ́ ìyẹn. Oorun ńkọ́?"