Àyẹ̀wò ọdún mi: ta ló júwe mi fún yín?

Ẹ kú ìparí ọdún o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọdún ti ń kógbá sílé, mo ní kí n jókòó kí n yẹ ìwé wò. Kì í ṣe ìwé owó o, ìyẹn ti parí, ìwé kékeré kan ni mò ń sọ tí mo ti ń kọ nǹkan sí látìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Aṣọ ni mò ń rán, àwọn tó ti ń bá mi bọ̀ mọ̀. Gbogbo kọ́sítọ́mà tuntun tó bá wọlé lọ́dún yìí, kí n tó mú téèpù láti wọn ara wọn, mo máa kọ́kọ́ bi wọ́n pé, ta ló júwe mi fún yín? Èsì tí wọ́n bá fọ̀, bí wọ́n ṣe fọ̀ ọ́ gẹ́lẹ́, ni mò ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ wọn.

Ohun tó fà á ni àríyànjiyàn tí àwa oníṣẹ́ ọwọ́ máa ń ṣe ṣáá. Apá kan á ní kéèyàn gbájú mọ́ àdúgbò, kó ṣiṣẹ́ tó dáa, ẹnu àwọn èèyàn á polówó ẹ̀. Apá kejì á ní ayé ti lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tí wọn ò bá rí níbẹ̀, wọn ò rí i níbì kankan nìyẹn. Mo ti gbọ́ ọ lọ́tùn-ún lósì títí ó fi sú mi, mo wá ní ìròyìn ò tó àfojúbà, ẹ jẹ́ kí n bi àwọn tó ń gbówó fún mi.

Tó bá jẹ́ ìdáhùn àkọ́kọ́ lẹ máa wò nínú ìwé náà, ẹ máa ní íntánẹ́ẹ̀tì ti borí. "Orí Google ni mo ti rí yín." "Mo rí iṣẹ́ yín lórí Instagram." Ó pọ̀ lọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mi ò kí ń dúró síbẹ̀, mo máa tún bèèrè pé, kí lẹ tẹ̀ tí ẹ fi bá mi pàdé níbẹ̀? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti máa ń yíwọ́. Wọ́n á ní, "Àǹtí kan níbi iṣẹ́ wa ló wọ aṣọ kan wá, mo bi wọ́n pé ta ló rán an, wọ́n dárúkọ yín, mo wá tẹ orúkọ náà sórí fóònù mi." Ẹ gbọ́ nǹkan tí wọ́n sọ o. Orúkọ mi ni wọ́n tẹ̀, wọn ò tẹ télọ̀. Ẹnì kan ti sọ̀rọ̀ mi ná, wọ́n wá lọ sórí fóònù lọ wò ó bóyá òótọ́ ni, bóyá mo ṣì wà, bóyá ibi tí mo wà ò jìnnà, bóyá ẹlòmíì náà ti sọ nǹkan kan. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí mò ń pè ní kọ́sítọ́mà íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnu èèyàn ló kọ́kọ́ rán wọn sí mi. Tí mo bá fẹ́ sọ gbogbo nǹkan tí mo rí kọ́ lọ́dún yìí ní gbólóhùn kan, òun nìyẹn: àdúgbò ló ń fún èèyàn lórúkọ, fóònù ni wọ́n ti ń yẹ orúkọ náà wò.

Àwọn kan wà ṣá tí wọn ò gbọ́ orúkọ mi lẹ́nu ẹnikẹ́ni, tó jẹ́ pé "télọ̀ tó wà nítòsí" ni wọ́n tẹ̀ lóòótọ́, wọn ò sì kéré. Ìṣe tiwọn yàtọ̀. Iṣẹ́ pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé wá, síìpù tó bàjẹ́, ìṣẹ́tí ṣòkòtò tó gùn jù, bọ́tìnnì. Wọ́n ń dán mi wò ni, mo sì fara mọ́ ọn, torí èmi náà á ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí síìpù yẹn bá jáde lásìkò tí mo dá, tó sì ń lọ geere, ìgbà yẹn ni aṣọ gidi máa ń jáde látinú báàgì.

Obìnrin kan wá lọ́dún yìí tí mi ò lè gbàgbé. Ó ti rí fọ́tò iṣẹ́ mi lórí fóònù, ó sì ti wò ó dáadáa torí ó mọ èyí tó fẹ́. Ó dé, ó kí mi, kò sì tíì sọ nǹkan kan lórí iṣẹ́ tó gbé wá tó fi lọ sídìí aṣọ kan tó wà lórí ìkọ́, ó yí inú ẹ̀ síta, ó wá ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ lé ojú ibi tí mo ti rán an pọ̀ láti abíyá lọ dé ìsàlẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ó ń wò ó bóyá òwú fà níbì kan, bóyá mo dí etí aṣọ náà kó má bàa máa tú. Ó fa apá ẹ̀ wò. Ó dá a padà sórí ìkọ́. Ìgbà yẹn ló tó yọ aṣọ tiẹ̀. Kò sí fọ́tò tó lè ṣe nǹkan tí àtàǹpàkò yẹn ṣe láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo sì ro ọ̀rọ̀ yẹn títí.

Àtìgbà yẹn ni mo ti ń ya inú aṣọ. Mo máa yí i síta, mo máa gbé fóònù súnmọ́ ojú rírán, mo máa ya bí mo ṣe ṣẹ́ etí ẹ̀ àti bí aṣọ inú ṣe jókòó. Láìkì tó ń wá sórí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ò tó ti aṣọ tí ẹnì kan wọ̀ tó ń rẹ́rìn-ín, kò tiẹ̀ súnmọ́ ọn, àmọ́ àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi lẹ́yìn ẹ̀, iṣẹ́ ni wọ́n máa ń bá wá, wọn kì í bèèrè "èló ni" lásán kí wọ́n tó lọ. Mo tún ń ya aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò, pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ ojú ọjọ́, láìtan fíláàṣì, torí àwọ̀ aṣọ máa ń yí lórí fóònù, èyí tó jẹ́ àwọ̀ ewé máa di búlúù lójú ẹlòmíì. Tí àwọ̀ bá ṣe pàtàkì sí èèyàn tó wà lọ́nà jíjìn, mo máa gé ẹ̀já aṣọ náà ránṣẹ́ kó fojú ara ẹ̀ rí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ Google díẹ̀, torí mo rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wa ò tíì lo ibẹ̀ bó ṣe yẹ. Google Business Profile, ojú ewé tí oníṣẹ́ máa ń ṣí lórí Google kí àwọn tó ń wá a lè rí i, èyí tí wọ́n ń pè ní Google My Business títí di 2021, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn Google fúnra wọn sọ nǹkan 3 tí wọ́n fi ń pinnu ẹni tó máa jáde tí èèyàn bá ń wá oníṣẹ́: bí iṣẹ́ rẹ ṣe bá ohun tó ń wá mu, bí o ṣe jìnnà sí i tó, àti bí òkìkí rẹ ṣe tó. Wọ́n sì sọ ọ́ pé kò sẹ́ni tó lè sanwó kí wọ́n gbé e gorí ẹlòmíì níbẹ̀ yẹn. Ìpolówó wà lọ́tọ̀. Ẹ tún wo ìkejì yẹn dáadáa, ọ̀rọ̀ ìtòsí. Íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ní ó ti pa àdúgbò rẹ́, àdúgbò ló fi ń ṣe ìwọ̀n! Ẹni tó wà nítòsí mi ló ń mú wá bá mi. Torí náà mo tún wákàtí tí mo ń ṣí ṣe, nọ́ńbà fóònù tó ṣì ń ṣiṣẹ́, àti orúkọ kan náà tí mo kọ bákan náà níbi gbogbo tí mo wà. Iṣẹ́ yẹn ò gba àkókò púpọ̀, èrè ẹ̀ sì ju ti gbogbo fídíò tí mo ṣe lọ.

Ọ̀rọ̀ review wá ńkọ́, ìyẹn ohun tí kọ́sítọ́mà ń kọ síta nípa iṣẹ́ èèyàn, pẹ̀lú ìràwọ̀ 1 sí 5? Ìwádìí kan wà tí Michael Luca ti Harvard gbé jáde ní 2011, lórí àwọn ilé oúnjẹ ní Seattle ní Amẹ́ríkà, ó rí i pé tí ìràwọ̀ 1 bá lé sí ti ilé oúnjẹ kan lórí Yelp, ìkànnì tí wọ́n ti ń kọ review, owó tó ń wọlé fún un máa ń fi nǹkan bíi 5 sí 9 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè. Apá tó dùn mọ́ mi jù ni pé ilé oúnjẹ aládàáni ló rí bẹ́ẹ̀ fún, kò ran àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ní ẹ̀ka káàkiri. Ó yé mi. Wọ́n ti mọ àwọn yẹn tẹ́lẹ̀, ìràwọ̀ ò fi nǹkan kún ohun tí èèyàn mọ̀. Irú àwa tí àjèjì ò mọ̀ rí, àwa ló ń ṣe lóore.

Ẹnì kan fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi lọ́dún yìí pé òun máa ta review fún mi, ìràwọ̀ 5 lásán, èyí tí mo bá fẹ́. Mo ní rárá. Amẹ́ríkà ti ṣòfin sí i ní 2024, wọ́n lè bu owó ìtanràn lé ẹni tó bá rà á àtẹni tó bá tà á. Ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ gbé òfin sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àwọn tó mọ̀ mí ládùúgbò náà ń ka nǹkan yìí. Wọ́n máa rí orúkọ ẹni tí ò wọ ẹnu ọ̀nà mi rí tó ń yìn mí lórí aṣọ tí mi ò rán. Orúkọ tí àwọn yẹn fún mi, tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ fún, ṣé kí n wá fi ra ìràwọ̀ ni? Ohun tí mò ń ṣe ni pé tí kọ́sítọ́mà bá ti wọ aṣọ náà jáde, tó sì fi fọ́tò ránṣẹ́, mo máa fi líǹkì ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp pé ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá ráyè, ẹ kọ bó ṣe rí lára yín. Ọ̀pọ̀ máa ń kọ ọ́. Àwọn tí ò kọ ọ́, mi ò kí ń dà wọ́n láàmú.

Mo sì gba ìràwọ̀ 1 náà lọ́dún yìí. Mo ti rán aṣọ náà tán ṣáájú ọjọ́ tí mo dá, mo gbé e fún àwọn kan tó ń ṣe dẹlífárì, aṣọ wà lọ́wọ́ wọn títí ọjọ́ tí kọ́sítọ́mà fẹ́ wọ̀ ọ́ fi kọjá. Inú bí i, ó kọ ọ́ síbẹ̀. Tó bá jẹ́ ará àdúgbò ni, ojú lọ̀rọ̀ wà, á wá bá mi, a máa jọ sọ ọ́, á rí ìwé tí mo fi gbé ẹrù jáde, kò ní ju ibẹ̀ lọ. Èyí wà níta gbangba fún ẹni tí ò mọ èmi tàbí òun. Mo pè é ná, mo bẹ̀ ẹ́, mo dá owó tó san fún dẹlífárì padà, ìgbà yẹn ni mo tó kọ èsì sábẹ́ ẹ̀: ọjọ́ tí aṣọ jáde, ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tí mo ṣe sí i. Mi ò bá a jà, mi ò sì kọ ọ́ gùn. Kò yọ ìràwọ̀ 1 yẹn kúrò o. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìgbà yẹn, inú ìwé kékeré mi, mo rí àwọn tó sọ pé èsì tí mo kọ yẹn ló jẹ́ kí wọ́n wá. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lèèyàn ń dá lóhùn níbẹ̀.

Nǹkan kan tún wà tí mi ò gbọ́dọ̀ fò. Orí àwọn ìkànnì yìí, ilé tí èèyàn háyà ni, ẹni tó ni ín lè pa kọ́kọ́rọ́ dà nígbà tó bá wù ú. Láti 2016 ni Instagram ò ti to nǹkan bí a ṣe gbé e síbẹ̀ tẹ̀léra mọ́, òun ló ń yan ẹni tó máa rí i. 4 oṣù kẹwàá 2021, Facebook, Instagram àti WhatsApp lọ lẹ́ẹ̀kan náà fún bíi wákàtí 6. Íńdíà fòfin de TikTok ní oṣù kẹfà 2020, àwọn tó ń fi í tajà níbẹ̀ ò rí àwọn tó ń tẹ̀ lé wọn mọ́. Ìdí nìyẹn tí orúkọ àti nọ́ńbà gbogbo kọ́sítọ́mà mi fi wà nínú ìwé gidi, pẹ̀lú ìwọ̀n ara wọn.

Ìwọ̀n ara yẹn gan-an ló jẹ́ kí n rí nǹkan tí mi ò retí. Àwọn tó ń ránṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn tí iṣẹ́ wọn ò fún mi ní wàhálà kankan, àwọn wo ni? Àwọn tó ti gbé nítòsí mi rí ni, tí wọ́n kó lọ síbòmíì. Ìwọ̀n wọn wà lọ́wọ́ mi, ọwọ́ wọn ti kan aṣọ mi, wọn ò bèèrè àlàyé, wọ́n á kàn ní "bíi tàkọ́kọ́ yẹn, ẹ fi díẹ̀ kún ìbàdí." Owó àsansílẹ̀ máa dé kí n tó bèèrè. Láìsí fóònù, ìgbà tí wọ́n kó lọ yẹn ni mi ò bá ti pàdánù wọn. Iṣẹ́ tí mo rí tí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe jù fún mi nìyẹn, pé kò jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ mí bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹni tórúkọ ẹ̀ sì pọ̀ jù nínú ìwé náà, tó rán èèyàn sí mi ju gbogbo ìkànnì lọ, obìnrin kan tó ń ta aṣọ ni. Ẹni tó bá ra aṣọ lọ́wọ́ ẹ̀, tó bá ní òun ò ní télọ̀, èmi ló máa júwe. Kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n ó ń fi orúkọ ara ẹ̀ dúró fún mi, tí mo bá ba aṣọ ẹni yẹn jẹ́, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ lọ bá. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí n kì í fi ọjọ́ àdéhùn ṣeré lórí ẹni tó bá tọwọ́ ẹ̀ wá. Màmá, tẹ́ ẹ bá ń ka eléyìí, mo dúpẹ́ gan-an ni.

Ọdún tó ń bọ̀, mo ṣì máa bèèrè ta ló júwe mi, mo sì fẹ́ fi ìbéèrè kejì kún un: kí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí ẹ má wá? Ó dá mi lójú pé àwọn èèyàn á ní nǹkan sọ lórí ìyẹn. Mo tún fẹ́ kọ gbogbo ìwọ̀n ara tó wà nínú ìwé àtijọ́ sínú tuntun, torí bébà ẹ̀ ti ń gbó.

Ẹni tí aṣọ ẹ̀ bá wà lọ́wọ́ mi, ó ti wà nílẹ̀, mo ti lọ̀ ọ́, ẹ wá gbà á kí ọdún tó parí. Ẹ̀yin tí ẹ wà lọ́nà jíjìn, ẹ fi àdírẹ́sì tuntun ránṣẹ́ tẹ́ ẹ bá ti kó lọ.