Ìyá Ìyàwó Mi Ni Àlejò Pàtàkì

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń fi fídíò eré tí mo ṣe níwájú ìyá ìyàwó mi yẹn ránṣẹ́ sí ara yín láti àárọ̀ Kérésì, mo ti rí yín. Ẹ kú iṣẹ́. Àní ẹni tó jẹ mí lówó, tí kì í gbé fóònù mi, òun náà fi ẹ̀rín ránṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi rò ó, nítorí ibi tí fídíò ti dáwọ́ dúró gan-an ni ọ̀ràn ti ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Màmá òyìnbó tó múlé tì wá ní Leeds níbí ló fà á. Àwọn ló yá wa ní DVD Morecambe àti Wise, àwọn aláwàdà òyìnbó méjì kan, pé kí ìyá ìyàwó mi lè rí nǹkan wò nígbà tí òtútù ò jẹ́ kí wọ́n jáde. Ernie Wise, ọmọ Leeds ni, màmá náà a sì máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n jọ mu ọmú kan náà. Eric ní tirẹ̀, ìlú etíkun tí wọ́n ti bí i ní Lancashire ló fi jẹ́ Morecambe.

Ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n: Eric ló ga, tó wọ awò ojú, tí kì í jẹ́ kí èèyàn sọ̀rọ̀ parí. Ernie ló kúrú, tó gbà pé kò sẹ́ni tó mọ eré kọ tó òun. Orí BBC ni wọ́n ti ń ṣe é láti 1968 títí di 1977, àwọn tó sì wo ti Kérésì 1977 yẹn lé ní mílíọ̀nù 20. Ṣùgbọ́n àwọn àlejò ni adùn rẹ̀. Èèyàn ńláńlá ni wọ́n ń pè, tí wọ́n á wá fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ délẹ̀délẹ̀. Glenda Jackson tó ti gba Oscar, wọ́n fi í ṣe Kleopatra nínú eré játijàti tí Ernie ní òun kọ. André Previn, ẹni tó ń darí ẹgbẹ́ olórin London Symphony Orchestra, Eric ń pè é ní Andrew Preview. Nígbà tí ọkùnrin náà wá ń ṣàròyé pé kí ni Eric ń tẹ̀ lórí dùùrù yìí, Eric gbá a lọ́rùn ẹ̀wù mú, ó ní gbogbo ohùn tí òun ń tẹ̀ ló tọ̀nà, wọn ò kàn tò tẹ̀ léra bó ṣe yẹ ni. Shirley Bassey ń kọrin lọ, gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ há mọ́ orí ìtàgé. Wọ́n bọ́ ọ, wọ́n fi bàtà sójà gìrìwò kan wọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀, ìyá ò dá orin dúró. Peter Cushing tó máa ń lé Dracula kiri nínú fíìmù, òun bá wọn ṣeré ní 1969, ó ní wọn ò sanwó fún òun. Ọdún ń gorí ọdún, ó ṣì ń já wọ àárín eré wọn láti bèèrè owó rẹ̀.

Èmi tí mo wo gbogbo èyí, tí mo rí bí wọ́n ṣe ń tẹ́ àlejò, mo wá wo inú ilé yíká pé ta ni èèyàn ńlá tí èmi náà lè pè. Ta ni mo rí? Ìyá ìyàwó mi, tí wọ́n ti Abẹ́òkúta wá wo àwọn ìbejì.

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Mo mọ̀ pé àna kì í ṣe ẹni tí à ń bá tàkùrọ̀sọ lásán, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé ká fi ṣe àpárá. Ṣùgbọ́n Mọ́mì fúnra wọn ló fún mi láyà. Bí wọ́n ṣe rí Eric tó ń gbọn awò ojú rẹ̀ báyìí, wọ́n ní Bàbá Sàlá ni òyìnbó yìí wò kọ́ṣẹ́. Mo fẹ́ ṣàlàyé, ìyàwó mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí mo ṣe jókòó tí mo ń gbọ́ ìtàn Aláwàdà, aago ògiri tí Moses Ọláìyá gbé kọ́ àyà àti awò ojú tó fẹ̀ ju ojú lọ, nìyẹn, títí àwọn ìbejì fi sùn lé mi lẹ́sẹ̀. Mo ní nínú mi: ẹni tó fẹ́ràn àwàdà tó báyìí, á gba tèmi náà.

Eré tí mo yàn ni ti oúnjẹ àárọ̀, ti 1976. Wọn ò sọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú rẹ̀. Rédíò ń kọrin, àwọn méjèèjì wà ní ilé ìdáná, wọ́n ń gé ọsàn sí ìlù, búrẹ́dì ń ta jáde nínú tósítà, wọ́n ń hán an lófuurufú. Ní ìparí, wọ́n ṣí fíríìjì, iná rẹ̀ tàn yòò, wọ́n bá ń fa sọ́séèjì tó so kọ́ra jáde gbọọrọ, wọ́n ń fi í jó. Orin tí wọ́n fi sí i, ẹ jọ̀ọ́, orin tí àwọn obìnrin fi ń bọ́ṣọ ní ilé ìgbafẹ́ ni. Mi ò sọ ìyẹn fún Mọ́mì.

Àbúrò ìyàwó mi ni mo fi ṣe Ernie. Ó kọ́kọ́ bínú, ó ní òun ò kúrú. Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀. A dúró di ìgbà tí gbogbo ilé sùn, a fi àlùbọ́sà dípò ẹyin, mò ń jù ú, ó ń hán an, kò bọ́ nílẹ̀ rárá. Àlùbọ́sà kò sì lè fọ́. Ohun tó tàn wá jẹ nìyẹn.

Ti sọ́séèjì ló tún wá le. Èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ìtòsí wa kì í so kọ́ra, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tò ó sínú ike. Ẹ wò mí lóru ọjọ́ yẹn, mo jókòó ti iná ilé ìdáná, mo mú abẹ́rẹ́ àti òwú ìyàwó mi, mò ń rán sọ́séèjì. Bàbá ìbejì! Ẹni tó gboyè kejì ní yunifásítì! Mo tún wá ta kókó sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan kó má baà tú, mo gé òwú ìparí sílẹ̀ gbọọrọ pé ọwọ́ á rí nǹkan dì mú. Mo ká gbogbo rẹ̀ sínú fíríìjì, mo sì fi òwú gígùn yẹn yí ohun tó sún mọ́ ọn. Ohun tó sún mọ́ ọn ni rọ́bà áísìkirimù. Ṣé mo tún ní láti sọ fún ọmọ Yorùbá pé kì í ṣe áísìkirimù ló wà nínú rẹ̀?

Ilẹ̀ mọ́. Mọ́mì jókòó sídìí tábìlì, lẹ́ẹ̀sì àlàárì, gèlè ti wà lórí gbọ̀ngbọ̀n. Bàtà wọn aláwọ̀ góòlù, èyí tó bá báàgì mu, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ hítà kó lè lọ́wọ́ọ́rọ́ ká tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun nini. Orin bẹ̀rẹ̀. Mọ́mì tẹ́tí díẹ̀.

"Bàbá Ìbejì, orin yìí ń dún bí orin àwọn tí kì í wọṣọ."

"Rárá o, Mọ́mì. Orin Kérésì wọn níbí ni."

Ọsàn lọ dáadáa. Ó ku búrẹ́dì. Tósítà àwọn òyìnbó yẹn ń ta búrẹ́dì sókè. Tiwa ń yọ ọ́ jáde díẹ̀díẹ̀, bí ìjàpá tó ń wò bóyá ọ̀tá ti lọ. Àbúrò ìyàwó mi tún un tì wọlé, ó tún un tì. Èéfín sọ. Àláàmù òkè àjà figbe ta: pí-pí-pí! A rò pé ara ìlù ni. Ọlọ́run ló mọ̀ pé mo jó sí i. Ẹ padà lọ wo fídíò yẹn, ẹ ó rí i pé ibi tí ijó mi ti dùn jù nìyẹn.

Mo wá ju ẹyin. Ó fò lọ, ó fò lọ, mi ò gbọ́ ìró rẹ̀ nílẹ̀. Mo ní ó ti hán an. Mo yí padà, mo ṣí fíríìjì gbàà, iná tàn sí mi lójú, mo di òwú mú, mo sì fà á pẹ̀lú gbogbo agbára tí Elédùmarè fún mi.

Ọbẹ̀ ata Kérésì, ti Mọ́mì fúnra wọn, tí wọ́n fi odidi ọjọ́ kan dín, tó ní ẹran ògúnfe àti pọ̀nmọ́, gun òfuurufú. Ó bà mí láti àyà dé orúnkún. Sọ́séèjì kan wọ́ lé mi léjìká. Orin parí. Àláàmù ò parí.

Mọ́mì ò pariwo. Wọ́n kàn gbé ife tíì wọn kalẹ̀ pẹ̀lẹ́.

"Bàbá Ìbejì, ṣé ọbẹ̀ náà wà nínú eré ni?"

Ó yẹ kí n dákẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti kọ́ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá àlejò sọ sórí, jìnnìjìnnì sì ti bò mí, ó bá já bọ́ lẹ́nu mi: "Mọ́mì, gbogbo oúnjẹ yìí ló pé, kò kàn tò tẹ̀ léra bó ṣe yẹ ni."

Sí àna mi. Ní ọjọ́ Kérésì. Ìyàwó mi ní "Jésù!" Kò tíì pa ẹnu dé tí mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Inú ọbẹ̀ ni mo dọ̀bálẹ̀ sí. Mo fi ìgbàgbọ́ dọ̀bálẹ̀, mo fi àgbọ̀n kan ilẹ̀, pọ̀nmọ́ kan wà níwájú imú mi, mi ò lè jẹ ẹ́, mi ò sì lè yẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo dìde, àwòrán mi wà lórí táìsì, tapá titan.

Ibẹ̀ ni fídíò parí sí. Ẹ sì ti bi ara yín léèrè pé ta ló ya fídíò? Mo dúpẹ́ pé ẹ bèèrè. Ernie ni! Ẹni tí mo ju ẹyin sí ni fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀! Mo jù ú, ó ń wò ó lójú fóònù bó ṣe ń bọ̀, ó yẹ orí kó lè rí i yà dáadáa. Gbogbo yín tí ẹ ń fi mí rẹ́rìn-ín, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló yẹ kí ẹ lọ. Ní BBC, ẹni tó ń yàwòrán ọ̀tọ̀, ẹni tó ń hán nǹkan ọ̀tọ̀.

Ẹyin ńkọ́? A wá a títí, a ò rí i. Àkókò ṣọ́ọ̀ṣì tó, mo ti pààrọ̀ aṣọ, Mọ́mì dìde, wọ́n ti ẹsẹ̀ bọ bàtà góòlù yẹn. Wọ́n dúró. Wọ́n wo òkè àjà. "Ó lọ́wọ́ọ́rọ́," ni wọ́n wí.

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wọ bàtà ìyàwó mi, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní bàtà òtútù mi ni àwọn fẹ́, èyí tí mo fi ń lọ síbi iṣẹ́, tó tóbi tó agbada. Wọ́n wọ ọ̀kan. Ẹsẹ̀ kejì, góòlù wọn ni wọ́n wọ̀ síbẹ̀. Ìyàwó mi ní, "Mọ́mì, ẹ wọ méjèèjì." Wọ́n ní bàtà kejì ò ṣẹ àwọn. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n bi mí léèrè."

Wọ́n bi wọ́n. Láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìjókòó iwájú: kò, gbì! kò, gbì! Ẹnikẹ́ni tó bá kí wọn, wọ́n á gbé lẹ́ẹ̀sì sókè díẹ̀ kó lè rí i dáadáa, wọ́n á wá nawọ́ sí mi. Wọ́n gbé orin, wọ́n jó lọ ṣe ọrẹ, bàtà mi ò bọ́. Pásítọ̀ gan-an yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní Shirley Bassey sọ́kàn, mi ò rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún.

Mọ́mì ti padà sí Abẹ́òkúta. Wọ́n gbé DVD yẹn lọ. Màmá òyìnbó ló fi ta wọ́n lọ́rẹ, lẹ́yìn tí àwọn méjèèjì ti jọ wo ti Peter Cushing tán láìsí èmi níbẹ̀. Láti ìgbà náà, bí mo bá pè wọ́n, a ò ní tíì kíra tán tí wọ́n á fi ní, "Owó eré mi dà?" Mo fi nǹkan ránṣẹ́, wọ́n dúpẹ́, wọ́n gbàdúrà, wọ́n ní owó oúnjẹ nìyẹn, àwọn ò tíì rí ti eré.

Àná ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi àgbà pè mí. Mo rò pé ó fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀ tí à ń rà. Ó ní rárá, òun ni mánéjà Mọ́mì báyìí, iye náà sì ti lé sí i, nítorí bàtà.