Kérésìmesì tí a fi Kubwa ṣe ilé

Ẹ̀yin tèmi, ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ sì kú ìmúra ọdún. Látìgbà tí December ti wọlé ni fóònù mi ò ti sinmi, ìbéèrè kan náà ni gbogbo ará Ìkọ̀lé, ìlú wa, ń bi mí, ìgbà wo lẹ̀ ń bọ̀? Mo ní a ò bọ̀ o. Ọdún kẹta rèé tí a ti ń ṣọdún ní Kubwa l'Ábújá níbí, ara wa sì le. Màmá mi tó bínú lọ́dún àkọ́kọ́, tó ní ṣé ilé ti wá ń lé wa ni, ohun tó ń sọ báyìí ni pé "ẹ ṣáà ti fowó ránṣẹ́ kó tó di ogúnjọ́."

Ohun tó lé wa kúrò lójú ọ̀nà nìyí. Ní 23 December ọdún tí a lọ kẹ́yìn, a gbéra ní Kubwa láago márùn-ún àárọ̀, mo ti di jọ̀lọ́ọ̀fù sínú kúlà, mo ní ọ̀dọ̀ Màmá la ti máa jẹ iyán lálẹ́. Gwagwalada dáa, Kwali dáa, mo tiẹ̀ ń sọ fáwọn ọmọ pé ẹ wò ó, ìlú Ladi Kwali rèé, ìyá amọ̀kòkò tó wà lẹ́yìn ogún náírà. Àfi bá a ṣe kọjá Abaji tí gbogbo ọkọ̀ dúró. Tírélà kan ló dábùú ọ̀nà níwájú, àwọn tí ò ní sùúrù wá lọ gba ojú ọ̀nà àwọn tó ń bọ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́, bó ṣe di pé ẹni tó ń lọ ò lè lọ nìyẹn, ẹni tó ń bọ̀ ò lè bọ̀. Koton-Karfe ni oòrùn ti wọ̀ lójú wa. Inú ọkọ̀ la sùn, èyí àbíkẹ́yìn mi wá ń bèèrè pé ṣé ibí ni Ìkọ̀lé. Ọ̀sán ọjọ́ kejì la dé, ẹsẹ̀ mi ti wú bíi búrẹ́dì, nígbà tó fi máa di 27 a tún ti ń di ẹrù ìpadàbọ̀. Nígbà tí a padà dé, ọkọ mi jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ṣírò iye tó ná, ó kàn dákẹ́ ni.

Owó ọ̀nà yẹn la wá ń fi ránṣẹ́ sí Màmá báyìí, tó bá di ìparí January tí ọ̀nà ti tú, tí owó ọkọ̀ sì ti wálẹ̀, a ó lọ kí wọn jẹ́jẹ́. Ẹni tó bá gbọ́dọ̀ lọ lọ́dún yìí, ẹ tètè lọ ṣáájú ọjọ́ 18, tàbí kẹ́ ẹ kúkú gbéra láàárọ̀ ọjọ́ ọdún gan-an. Ẹ má rin òru o, ẹ jọ̀ọ́.

Ẹni tí ò tíì ṣe Kérésìmesì l'Ábújá rí ò mọ bí ìlú ṣe ń dá wáí. Ṣebí ìlú àlejò ni, látìgbà tí ìjọba ti kó kúrò l'Ékòó wá síbí ní 12 December 1991, oníkálukú ló níbi tó ń wò pé òun ti wá. Kubwa sí Berger tí mo máa ń lo wákàtí kan àti ààbọ̀ lórí ẹ̀ láàárọ̀ Monday, ogún ìṣẹ́jú péré ni lọ́jọ́ ọdún. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà ṣe ṣófo ni ṣọ́ọ̀bù náà ṣe ń ṣófo o! Mẹkáníìkì ti lọ, onídìrí ti lọ, télọ̀ tó gba ankara yín láti October ti lọ pẹ̀lú ankara. Àwọn ará wa Ìbò tó ń ta páàtì ọkọ̀ àti nǹkan inú ilé, tí wọ́n bá ti tì í, ó di January. Nítorí náà ẹ rọ gáàsì, ẹ dirun, ẹ tún ọkọ̀ ṣe kó tó di 18. Ti ata àti tòmátì nìkan ni ẹ ò ní dààmú lé lórí, àwọn Mọ́là ò lọ ibì kankan, lọ́jọ́ ọdún gan-an ẹ máa bá wọn nínú ọjà, ẹni tó ń ta suya náà wà ńbẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ ti tòlótòló. Ní èṣí ọkọ mi gbọ́n ju ayé lọ, ó ní òun á tètè rà á kó tó wọ́n, ó gbé e wálé ní 10 December. Ọ̀sẹ̀ méjì là ń bọ́ ọ, àgbàdo tó jẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ẹ̀. Bí ládàánì mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìnkùlé wa bá sì ti pe ìrun àsùbá, tòlótòló á dáhùn, kò sí ẹni tó tún máa sùn mọ́. Mo lọ bẹ Alhájì tó wà nísàlẹ̀ wa, ará Katsina ni wọ́n, wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní ó sàn ju àláàmù fóònù àwọn lọ. Nígbà tó di 24, àwọn náà la pè kí wọ́n wá bá wa dúńbú ẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì gan-an fún ẹni tó bá ń gbé pẹ̀lú Mùsùlùmí: tí ẹ bá fúnra yín pa á, abọ́ tí ẹ gbé fún wọn, wọ́n á gbà á tẹ̀ríntẹ̀rín, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ò ní jẹ ẹ́. Nígbà tó jẹ́ pé Alhájì ló dúńbú ẹ̀, Hájíà gba jọ̀lọ́ọ̀fù àti itan kan, wọ́n ní "Barka da Kirsimeti", kò tó wákàtí kan tí abọ́ mi fi padà dé, masa, àkàrà ìrẹsì àwọn Hausa, ló kún inú ẹ̀.

Lọ́dún yìí adìẹ ni, ọjọ́ 23 la ó rà á. Ẹ fọwọ́ kan egungun àyà ẹ̀, tó bá mú bí ọ̀bẹ, ẹ gbé e sílẹ̀, omi ni wọ́n fún un mu. Ẹ wo ogbe orí ẹ̀ bóyá ó pọ́n, ẹ wo ìdí ẹ̀ bóyá ìyẹ́ ibẹ̀ gbẹ. Tó bá wá kan owó, ẹ rọra ní "rage mana", ìyẹn "ẹ dín in kù fún wa" lédè Hausa. Oyìnbó yín ò ní já nǹkan kan kúrò ńbẹ̀.

Ọyẹ́ wá ń kọ́? Ti Ìkọ̀lé kì í tó èyí. Eruku Sàhárà ló ń gbé bọ̀, ẹ nu tábìlì láàárọ̀, tó bá dọ̀sán ẹ lè fìka kọ orúkọ yín sórí ẹ̀. Ètè á bẹ́, gìgísẹ̀ á là. Mo ti náwó sí oríṣiríṣi kírìmù, òrí táwọn Núpé ń ṣe lápá Bídà ni mo padà sí. Ó máa ń dì gbagidi nínú òtútù, ẹ gbé abọ́ ẹ̀ sínú omi gbígbóná, ẹ po àdín àgbọn mọ́ ọn, kẹ́ ẹ fi para nígbà tí omi ìwẹ̀ ṣì wà lára. Tí ẹ bá ti nura tán pátápátá kẹ́ ẹ tó fi para, ẹ ti pẹ́.

Ní ti ìgbafẹ́, ẹ fi 26 sílẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ràn èrò. Ọjọ́ kejì ẹ̀ làwa máa ń lọ sí Millennium Park, èyí tí Ọbabìnrin Ẹlísábẹ́tì wá ṣí ní December 2003, ẹní la máa ń gbé dání, àti oúnjẹ ilé. Ní èṣí, mo ní ká tún lọ wo òkè Zuma ní Madalla. Mo ti fa ọgọ́rùn-ún náírà yọ nínú ọkọ̀ láti fi hàn wọ́n, èyí àtijọ́ o, kì í ṣe èyí tí wọ́n ṣe ní 2014, Awólọ́wọ̀ níwájú, Zuma lẹ́yìn. A débẹ̀, ọyẹ́ ti bo gbogbo ẹ̀, òkè ńlá yẹn, ẹ ò ní mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Lálẹ́, Màmá mi pè, wọ́n bi àbíkẹ́yìn mi pé kí lẹ rí níbi tẹ́ ẹ lọ.

Ó ní, "Màmá, Awólọ́wọ̀ nìkan la rí."