Ta Ló Dárí Jì Mí?

Ìwé àlòkù kan tí mo rà ní oríta Ọláìyá, nílùú Òṣogbo níbí, ló kó bá mi. Seneca, ọlọ́gbọ́n ará Róòmù àtijọ́, ló fi èdè Látìnì kọ ọ́ nípa ìbínú, tó sì darí rẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń jẹ́ Novatus. Ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì ni tèmi. Mo ti pinnu pé lọ́dún yìí, n ó máa ka ìwé tí yóò tún ìwà mi ṣe, nítorí ó ti di ọdún 11 tí ìyàwó mi ti ń dá ṣe iṣẹ́ náà láìrí èrè kankan níbẹ̀.

Ní apá kẹta ìwé náà, Seneca ṣàlàyé pé lálaalẹ́, tí wọ́n bá ti gbé fìtílà kúrò, tí ìyàwó òun tó mọ ìṣe òun sì ti dákẹ́, òun a máa yẹ gbogbo ọjọ́ náà wò látòkèdélẹ̀, òun kì í sì í fi ohunkóhun pa mọ́ fún ara òun. Bí òun bá rí àṣìṣe, òun a kìlọ̀ fún ara òun pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, òun a sì dárí jì í. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ní ti fìtílà, àdúgbò wa ní Òkè-Baálẹ̀ kò nílò ẹni tí yóò gbé e kúrò. Kí aago mẹ́jọ alẹ́ tó lù, iná ti lọ. Ọ̀rọ̀ ìyàwó tó dákẹ́ yẹn gan-an ni n kò rò dáadáa.

Ní alẹ́ méjì àkọ́kọ́, oorun gbé mi lọ kí n tó yẹ ọjọ́ náà wò dé ọ̀sán. Ní alẹ́ kẹta, mo ní n ó máa fẹnu sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Mo tẹ́tí sí Ìyá Àyọ̀: ó ń mí bí ẹni tó ti sùn fọnfọn. Mo bá bẹ̀rẹ̀.

Mo jẹ́wọ́ pé mo bá ọlọ́kadà jà nítorí 100 náírà. Mo jẹ́wọ́ pé nínú owó èlùbọ́ tí Ìyá Àyọ̀ fi rán mi lọ sí Ọjà Ọba, mo yọ 2,000 náírà, mo fi jẹ iyán àti ẹran ìgbẹ́, mo sì délé, mo tún ń mirí pé ebi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, títí ó fi fi ẹran kún tèmi. Èyí tó wúwo jù ni ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó fẹ́ wá wo ọdún Ọ̀ṣun lóṣù Kẹjọ, tó ní òun yóò lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ wa. Mo sọ fún un lórí fóònù pé òrùlé yàrá àlejò ń jò, pé a ti gbé ike sí ibi mẹ́rin. Kò sí ibì kankan tó ń jò. Ọkùnrin náà a máa jí láago mẹ́rin ìdájí, a máa kọrin, kí n sì tó fọ ẹnu, a ti máa bi mí ní iye tí mo ń gbà lóṣù.

Nígbà tí mo tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ tán, ara mi fúyẹ́ bí òwú. Mo mí kanlẹ̀, mo sì sọ ohun tí Seneca ní kí n sọ: "Má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo dárí jì ọ́."

"Ta ló dárí jì yín?"

Ohùn náà kò yára, kò sì ga. Bẹ́ẹ̀dì dún, ó ti dìde jókòó. "Ẹ máa bá a lọ, Bàbá Àyọ̀, mo ń gbọ́. Ẹ ò tíì dé ibi owó gáàsì."

N kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó mọ̀ nípa owó gáàsì. Òun ni mo fi ra ìwé náà. Inú òkùnkùn yẹn ni mo ti rántí pé Nero, ọba Róòmù tí Seneca fúnra rẹ̀ kọ́ níwèé, ló pàṣẹ lọ́dún 65 pé kó gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ìyẹn ni pé ọgbọ́n bàbá náà kò gba òun alára sílẹ̀, mélòó mélòó èmi.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, Ìyá Àyọ̀ ti pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun kù sí ọ̀túnla, ọkùnrin náà dé pẹ̀lú báàgì méjì àti rédíò kan. Ó wọ yàrá àlejò, kò jókòó, ó gbójú sókè wo àjà láti igun dé igun, ó wá yíjú sí mi tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Àna mi, àwọn ike mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dà?"