Ohun Tí Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn Àbúrò Mi Kọ́ Mi

Àbúrò mi ọkùnrin ló ṣẹ́ ìyàwó rẹ̀ lápá. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹ lè mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀: ẹ̀gbọ́n ẹni tó jẹ̀bi ni mí. Lóru ọjọ́ yẹn kan náà ló fọ́ ìgò mọ́ àbúrò ìyàwó lórí nígbà tí ọmọ yẹn fẹ́ là wọ́n. Kóòtù gíga l'Abẹ́òkúta sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún 5 nítorí apá, ọdún 2 nítorí orí, adájọ́ sì ní tó bá ṣe ọ̀kan tán ni kó bẹ̀rẹ̀ èkejì.

Ọjọ́ 90 ni òfin fún ẹni tí kóòtù gíga dá lẹ́bi ọ̀ràn láti gbé ẹjọ́ lọ sí kòtẹ́milọ́rùn, ọjọ́ ìdájọ́ gan-an ni wọ́n sì ti ń kà á. Ọjọ́ yẹn kì í dúró de ìpàdé ẹbí. Àwọn tiwa ṣèpàdé títí nílé bàbá wa, ohun kan náà ni wọ́n ń tẹnu mọ́: kí n lọ bá ìyàwó wa, kó lọ sọ ní kóòtù pé òun ti dárí jì í. Àbúrò bàbá wa tiẹ̀ pa á lówe pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, bí ẹni pé ìyàwó ló kó wa dé kóòtù.

Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, ẹsẹ̀ mi ò ní tẹ ilé yẹn."

Ẹni tó bá wo iwájú ìwé ẹjọ́ náà á rí i pé Ìpínlẹ̀ Ògùn ló pe àbúrò mi lẹ́jọ́. Ẹlẹ́rìí lásán ni ìyàwó. Ẹjọ́ tí kì í ṣe òun ló pè é, báwo ló ṣe fẹ́ fà á padà? Tí ẹ bá sì lọ ń yọ ọ́ lẹ́nu pé kó yí ẹ̀rí rẹ̀ padà, ọ̀ràn mìíràn lẹ ń dá yẹn. Ká tiẹ̀ yọ ti òfin kúrò. Obìnrin tí kò lè fi apá òsì gbé garawa omi mọ́, òun lẹ fẹ́ lọ rán níṣẹ́.

Lọ́yà tí a gbà kò bi mí bóyá àbúrò mi ṣe é tàbí kò ṣe é. Ìwé ìdájọ́ tí kóòtù lu òǹtẹ̀ sí ló ní kí n mú wá, ó sì ń fi báírò pupa fàlà sí i níwájú mi. Níbi tí adájọ́ ti dá a lẹ́bi, kò fàlà kankan: ìwé dókítà wà níbẹ̀, ẹ̀rí ìyàwó àti ti àbúrò rẹ̀ bára mu, àbúrò mi fúnra rẹ̀ sì ti jẹ́wọ́ fún ọlọ́pàá. Ojú ewé tó kẹ́yìn ló pupa. Ìjà kan náà ló bí ẹ̀sùn méjèèjì, irú ẹ̀wọ̀n bẹ́ẹ̀ sì sábà máa ń jọ rìn pọ̀ ni. Adájọ́ kò sọ ìdí tó fi tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn, kò sì mẹ́nu bà á pé àbúrò mi kò dá ọ̀ràn rí. Ibẹ̀ ni lọ́yà dì mú. Ó sì kìlọ̀ fún mi pé kóòtù tó lè dín ẹ̀wọ̀n kù lágbára láti fi kún un náà. Òfin lè fún ẹni tó ṣe ọmọnìkejì léṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 7. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà yín là á yé yín kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀.

Mo gbé ìwé kòtẹ́milọ́rùn náà lọ bá àbúrò mi lọ́gbà ẹ̀wọ̀n Ìbarà kó buwọ́ lù ú. Kó tó mú báírò, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ bá mi sọ fún lọ́yà pé ìyàwó mi bú mi lọ́jọ́ yẹn."

Mo ní, "Àbúrò rẹ̀ ńkọ́? Ṣé òun náà bú ẹ?"

Kò fèsì. Ó buwọ́ lù ú.

Ẹ̀ ń retí bélì? Ẹ má fọkàn sí i púpọ̀. Wọ́n kì í sábà fún ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi ní bélì nítorí pé ó pe kòtẹ́milọ́rùn. Àwọn kan nílé wa ti ń sọ pé á bá wa ṣe ọdún Lísàbí. Ẹni tí kò lówó lọ́yà, kó lọ bá Legal Aid Council. Ìjọba ló dá a sílẹ̀, wọ́n ní ọ́fíìsì l'Abẹ́òkúta.

Ìbàdàn ni ẹjọ́ wa lọ. Adájọ́ mẹ́ta ló jókòó, wọn ò pe ẹlẹ́rìí kankan, wọn ò bi ẹnikẹ́ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lóru ọjọ́ náà. Àwọn lọ́yà dúró, wọ́n tọ́ka sí ohun tí wọ́n ti kọ sílẹ̀, ó parí. Ìyá wa tó ti múra ẹkún sílẹ̀ ò ríbi sun ún. Nígbà tí ìdájọ́ jáde, wọ́n ní ó jẹ̀bi síbẹ̀, ọdún 5 kò yẹ̀, àmọ́ kí ọdún 2 yẹn máa bá a rìn pọ̀.

Ilé Ìyá wa ni yóò padà sí tó bá jáde, mo sì ti sọ fún un. Ìpínlẹ̀ Ògùn ní òfin tó tako ìwà ipá sí ènìyàn láti ọdún 2017, ìyàwó sì lè fi gba àṣẹ kóòtù pé kó má sún mọ́ òun. Tó bá gbà á, èmi kọ́ ni wọ́n máa rán lọ bẹ̀ ẹ́.