Wout Ni Tèmi, Ẹ̀yin Ará Ilé

Ní ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ́ wálé, ọ̀gá kan lẹ́nu iṣẹ́ wa ní Ghent ní Bẹ́ljíọ̀mù sọ ọ̀rọ̀ kan sí mi tó ṣì ń ta mí lára. A ń jẹun ọ̀sán lọ́wọ́, gbogbo wa ń sọ̀rọ̀ ìdíje àgbáyé eré kẹ̀kẹ́ tó ń bọ̀ ní Kigali. Èmi náà dá sí i. Mo ní ó dáa bí Wout van Aert, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù tó ń gun kẹ̀kẹ́ sáré, kò ṣe lọ, kó sinmi, nítorí ojú rẹ̀ ti rí màbo lọ́dún 2025. Ọ̀gá yìí gbé ife kọfí rẹ̀ kalẹ̀, ó ní, "Fi Wout sílẹ̀ fún wa. Girmay ni tiyín. A sì ti gbé eré náà wá sílé yín báyìí, kí lẹ tún ń fẹ́?" Àwọn tó kù bú sẹ́rìn-ín. Mo kó abọ́ mi, mo padà sọ́dọ̀ àwọn arúgbó tí mò ń tọ́jú.

Ilé wa, Kigali! Ẹni tó bá fẹ́ fi mọ́tò lọ láti Àkúrẹ́ sí Kigali máa la Kamẹrúùnù kọjá, á la igbó Kóńgò já, kó tó dé Rùwáńdà. Biniam Girmay tó ń gun kẹ̀kẹ́ sì rèé, ọmọ Asmara ní Eritrea ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, mo ń bọ̀ wá sórí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí mo ti gbọ́ láti ìgbà tí mo ti débẹ̀, àwọn tó ní kí n gé orúkọ mi kúrú, àwọn tó bi mí bóyá a ní fíríìjì nílé, kò sí èyí tó dùn mí tó èyí. Òtútù wọn, mo fara mọ́ ọn. Owó orí wọn, mò ń san án. Eré kẹ̀kẹ́ nìkan ni ohun tí mo bá lọ́dọ̀ wọn tí mo fẹ́ràn láìsí ẹni tó fipá mú mi. Èyí náà ni wọ́n tún fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi.

Mo dé Àkúrẹ́, mo rò pé mo ti bọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 28 oṣù Kẹsàn-án, ni àwọn ọkùnrin gun tiwọn ní Kigali. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ kí a tó jáde lọ ṣọ́ọ̀ṣì. A gbọ́ ìwàásù, a dáwó, gbogbo ará ìjọ tó fẹ́ rí ọmọ tó ti òkè òkun dé rí mi tán, a padà sílé ní Òkè-Àró, wọ́n ṣì ń gùn ún. Mo so kọ̀ǹpútà mi mọ́ tẹlifíṣọ̀n pálọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tan jẹnẹrétọ̀, nítorí NEPA ti ṣe bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ìyá mi jókòó ti iyán rẹ̀, ó wo àwọn èèyàn náà bí wọ́n ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí òkè, ó ní, "Ta ló ń lé wọn?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó ń lé wọn, Màmá. Eré ni."

"Wọn ò ní mọ́tò ni?"

Mo ní wọ́n ní in, òun ló ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn yẹn. Ìyẹn ló wá ya ìyá mi lẹ́nu jù, pé mọ́tò ń tẹ̀ lé èèyàn lẹ́yìn, onítọ̀hún kò sì wọ̀ ọ́.

Kìlómítà 267 ó lé díẹ̀ ni wọ́n gùn lọ́jọ́ náà, ó gbà ju wákàtí 6 lọ, òkè lórí òkè. 30 péré ló parí rẹ̀ nínú èrò rẹpẹtẹ tó bẹ̀rẹ̀. Tadej Pogačar, ọmọ Slovenia, já gbogbo wọn sílẹ̀, ó sì dá nìkan gùn ún fún ohun tó ju 60 kìlómítà lọ títí ó fi gba ife-ẹ̀yẹ. Ìyá mi ti gbàgbé iyán. Ó ní, "Èyí tó dá wà yìí, Ọlọ́run má jẹ́ kó ṣubú." Ojú mi ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́.

Remco Evenepoel, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù, ló ṣe ipò kejì. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń dà á láàmú tó ń dúró pààrọ̀ rẹ̀, mo fò sókè lórí àga, mo ń pariwo. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí láti òkè délẹ̀. "Òyìnbó lò ń pariwo lé lórí báyìí? Àwọn dúdú wà níbẹ̀, mi ò gbọ́ kó o pe orúkọ wọn. Ṣé Girmay kọ́ ni tìrẹ ni?"

Ẹnu yà mí. Ẹ̀gbọ́n mi tí Arsenal ti ń sọ di aláìsàn láti ayé Kanu! Kanu kúrò níbẹ̀ ní 2004, ẹ̀gbọ́n mi ò tíì kúrò. Mo bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ Àkúrẹ́ mélòó ló wà ní Arsenal?" Ó ní ìyẹn yàtọ̀. Mo ní, báwo ló ṣe yàtọ̀? Ó jáde lọ bu epo sí jẹnẹrétọ̀.

Bàbá àgbàlagbà kan ló kọ́ mi ní eré yìí nílé ìtọ́jú tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ará Eeklo ni, kò jìnnà sí Ghent. Bí mo bá ń wẹ̀ fún un láàárọ̀, ó máa ń sọ̀rọ̀ Roger De Vlaeminck, ọmọ ìlú rẹ̀. Nígbà yẹn, Eddy Merckx ni gbogbo Bẹ́ljíọ̀mù ń wárí fún, òun ló gba Tour de France, eré ńlá ilẹ̀ Faransé, lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bàbá yìí kọ̀ ọ́. De Vlaeminck ni tirẹ̀, ẹni tó gba Paris-Roubaix lẹ́ẹ̀mẹrin, tó sì gba gbogbo eré ọlọ́jọ́-kan márùn-ún tó tóbi jù láyé. Ó ní òun ò sọ pé Merckx ò dára o, òun kàn fẹ́ kí ẹnì kan wà tó máa bá a fà á. Kò bi mí rí pé kí ló kan ọmọ Nàìjíríà níbẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Àìkú tí eré bá wà, ohun tó máa ń bi mí ni pé ta ni mo rò pé ó máa gbà á lónìí, bí mo bá sì sọ tèmi, ó máa bá mi jiyàn bí ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti yan Wout van Aert. Gbogbo ẹni tó bá mọ eré yìí mọ̀ pé èèyàn ò lè dárúkọ Wout kó má dárúkọ Mathieu van der Poel. Láti kékeré ni àwọn méjèèjì ti ń bá ara wọn fà á nínú ẹrẹ̀, nínú eré kẹ̀kẹ́ inú pápá tí wọ́n máa ń ṣe nígbà òtútù. Títí di 2025, Wout ti gba ìdíje àgbáyé níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, Mathieu ti gbà á lẹ́ẹ̀meje. Ní Ronde van Vlaanderen, eré ọlọ́jọ́-kan ńlá ti Bẹ́ljíọ̀mù, ti 2020, nígbà Kòrónà, ojú títì dá páropáro, àwọn méjèèjì nìkan ló kù níwájú, Mathieu sì fi ohun tí kò tó gígùn ẹsẹ̀ gbà á. Ó tún gbà á ní 2022 àti 2024. Paris-Roubaix náà, ó gbà á ní 2023, 2024 àti 2025, lórí òkúta tí wọ́n tò sójú ọ̀nà oko, tó ń gbọn èèyàn bí ìgbà tó o bá wà lẹ́yìn ọlọ́kadà lọ́nà Adó. Ní 2023 yẹn, Wout ṣì ń bá a fà á ní Carrefour de l'Arbre, ọ̀kan lára àwọn ọ̀nà olókùúta yẹn, ìparí ti sún mọ́, ni táyà Wout bá jò. Mo ju ṣíbí ọwọ́ mi nù lọ́jọ́ náà.

Mathieu yìí, Kapellen ní Bẹ́ljíọ̀mù ni wọ́n bí i sí. Ará Hólàńdì ni bàbá rẹ̀, ará Faransé ni ìyá rẹ̀, Raymond Poulidor tí gbogbo Faransé fẹ́ràn ni bàbá ìyá rẹ̀. Hólàńdì ló ń gùn ún fún. Àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù tó ń hó fún un pọ̀ bí èrò ọjà, mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n fi sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín. Chris Froome ńkọ́? Nairobi ni wọ́n bí i sí, Kẹ́ńyà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í gun kẹ̀kẹ́, ó gba Tour de France lẹ́ẹ̀mẹrin, àsíá Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ta fún un. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ò sọ pé, "Ẹ̀yin ará Kẹ́ńyà, ẹ wá mú nǹkan yín." Tó bá kan àwọn, ayé ṣí sílẹ̀. Tó bá kan èmi, wọ́n á yan tèmi fún mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tó fi jẹ́ Wout. Nínú eré Dwars door Vlaanderen ti 2025, ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ méjì wà pẹ̀lú rẹ̀ níwájú, ará Amẹ́ríkà kan ṣoṣo, Neilson Powless, ló bá wọn débẹ̀. Mẹ́ta sí ọ̀kan. Wout ní kí wọ́n dúró de òun kí òun fi eré ìparí gbà á, Powless sì kọjá lára rẹ̀. Ó jáde wá, ó gbà pé òun ló fà á. Ní oṣù Karùn-ún, ó borí ní Siena nínú Giro, eré ńlá ilẹ̀ Ítálì. Nígbà tó di 27 oṣù Keje, ọjọ́ ìkẹyìn Tour de France, òjò ń rọ̀ ní Paris, wọ́n gun òkè Montmartre, Pogačar tó wọ jẹ́sì yẹ́lò ti ẹni tó wà níwájú fẹ́ gba ìyẹn náà mọ́ ọn. Wout já a sílẹ̀ lórí òkè yẹn. Ó dá nìkan wọ Champs-Élysées. Mo pariwo débi pé aládùúgbò mi gbá ògiri.

Nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀. Ní oṣù Kẹta 2024, mo rí i bó ṣe ṣubú lulẹ̀, eegun èjìká, eegun ìhà, eegun àyà, gbogbo rẹ̀ kán, ó dùbúlẹ̀ sójú títì, ó ń ké. Àwọn kẹ̀kẹ́ tó kù lọ. Ní 2018, nígbà àkọ́kọ́ tó gun Paris-Roubaix, Michael Goolaerts wà nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, ọmọ ọdún 23. Ọkàn ọmọ yẹn dáwọ́ iṣẹ́ dúró lórí kẹ̀kẹ́, ó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Eré ń lọ. Wout gùn ún dé Roubaix. Alẹ́ ọjọ́ náà ni Goolaerts kú nílé ìwòsàn ní Lille.

Nígbà tí bàbá mi kú ní Àkúrẹ́, iṣẹ́ alẹ́ ni mo wà. Bàbá ẹlòmíràn ni mò ń yí padà lórí bẹ́ẹ̀dì kí egbò má baà yọ sí i lẹ́yìn. Fóònù mi wà nínú àpótí níbi tí òfin ní ká máa fi í sí. Ilẹ̀ ti mọ́ kí n tó rí bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe pè mí tó. Mo parí ìwé iṣẹ́ mi, mo fọwọ́ sí i, mo wọ tíráàmù. Ẹnì kan jókòó tì mí, ó ń jẹ búrẹ́dì. Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Orí WhatsApp ni mo ti rí i bí wọ́n ṣe ń da iyẹ̀pẹ̀ sí i, nẹ́tíwọ̀kì sì já kí wọ́n tó parí.

Nítorí náà, ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ parí eré lọ́jọ́ tí ẹnì kejì rẹ̀ ń kú lọ lọ́nà, tó sì tún padà sójú ọ̀nà kan náà, mo mọ ẹni náà. Kò sí ọ̀gá tó máa ní kí n fi í sílẹ̀.

Ó wá ku Girmay. Ní oṣù Kẹta 2022, nígbà tó gba Gent-Wevelgem, òun ni dúdú àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà tó gbà á, mo jó nínú ilé ìdáná. Ní oṣù Karùn-ún ọdún kan náà, ó borí ní Jesi nínú Giro, ìdérí ọtí tó fẹ́ fi ṣàjọyọ̀ ta bá a lójú lórí pèpéle, ó sì fi eré náà sílẹ̀. Mo gbàdúrà fún ojú yẹn bí ẹni pé èmi ni mo bí i. Ní 2024, ó borí ní Turin nínú Tour de France, dúdú kankan láti Áfíríkà kò ṣe é rí. Ó tún borí lẹ́ẹ̀mejì sí i, ó wọ jẹ́sì aláwọ̀ ewé, ti ẹni tó kó àmì jù, dé ìparí. Mo sunkún. Òun náà ni tèmi, ṣùgbọ́n èmi ni mo mú un, kì í ṣe pé wọ́n pín in fún mi bí ìrẹsì ọdún. Ẹ̀gbọ́n mi ò sì mọ̀ pé òkè Kigali ti pọ̀ jù fún irú ẹlẹ́sẹ̀ eré ìparí bí tirẹ̀.

Ní ti Pogačar, ó ti gba Tour de France lẹ́ẹ̀mẹrin títí di 2025, bí ó bá ti gbéra, mo ti lè lọ dáná. Jonas Vingegaard ará Dẹ́ńmáàkì, tó ti ṣiṣẹ́ nílé ẹja rí, ni mò ń bẹ Ọlọ́run fún kó tún dìde sí i. Ní 2022, Pogačar ṣubú bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí Col de Spandelles. Vingegaard dúró dè é, wọ́n bọwọ́, wọ́n tún gbá ara wọn mú lọ. Vingegaard ló gba Tour ọdún náà. Ọmọlúàbí ni.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní kẹ̀kẹ́ kan tí kò ní bíréèkì. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́nà Òkè-Àró, ẹsẹ̀ ló máa tẹ̀ mọ́ táyà ẹ̀yìn. Sílípáàsì ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti jẹ tán, ti òsì ṣì dà bí tuntun. Mo wo ọmọ yìí, mo wo Kigali, inú bí mi. Òkè tó wà ní Ìdànrè, ta ló ní irú rẹ̀? Láti Àkúrẹ́ sí Ìdànrè kò ju 20 kìlómítà àti díẹ̀ lọ. Tí ìjọba bá tún ọ̀nà ṣe, eré máa tibẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè wa ni Ese Ukpeseraye ti lọ sí Olympics ní Paris 2024 tó fi jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ àwọn ará Jámánì ló yá gùn.

Mo fi Roubaix 2023 han ọmọ náà lórí kọ̀ǹpútà mi. Ó wò ó tán, kò ṣẹ́jú. Ó ní, "Àǹtí, Mathieu ni tèmi." Mo ní kí ló dé? Ó ní òun ló gbà á. Mo ní ṣé kò rí i pé táyà Wout ló jò ni? Ó ní kí Wout lọ ra táyà tó dáa. Bàbá rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín láti pálọ̀. A ò tíì parí ìjà yẹn. Mo ti sọ fún un kó dúró dè mí: lọ́jọ́ Ronde ní oṣù Kẹrin, mo máa pè é láti ẹ̀gbẹ́ títì ní Oude Kwaremont, òkè kan tí wọ́n máa ń gùn nínú eré náà, kó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ bí mo ṣe ń pe Wout.